Eré Orin Ọ̀sán ní Lọ́ńdọ̀nù: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Orin Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Un

Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ́ orin nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbáà ṣe Royal Academy of Music, Royal College of Music, Guildhall tàbí Trinity Laban, kì í pẹ́ tí ímeèlì kan fi máa ń wọlé sí i. Ọ́fíìsì tó ń rí sí eré orin nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló máa kọ ọ́: ààyè ṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, Ọjọ́bọ̀ báyìí, aago kan ọ̀sán, ṣé wàá lè ṣe é? Inú ọmọ á dùn, á dáhùn kíá pé òun ń bọ̀, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló máa wá jókòó tí kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí, àti nítorí àwọn òbí tó máa ń bi mí pé kí làwọn lè ṣe. Mo ti tẹ píánò níbi irú eré yìí, mo ti tẹ̀lé akọrin àti onífayolín, mo ti ṣí ìwé fún ẹlòmíì, mo sì ti jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tó wá gbọ́.

Kí o tó dáhùn pé o ń bọ̀

Má rò pé eré alẹ́ tí wọ́n gé kúrú ni eré ọ̀sán. Ó ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà ló sì máa kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó o ṣe é.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1939, wọ́n ti gbọ̀ngàn orin àti ilé tíátà pa ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kó àwọn àwòrán inú National Gallery lọ fi pamọ́ sí Wales, ilé ńlá náà wá ṣófo. Myra Hess, ọ̀gá nídìí píánò, ló lọ bá Kenneth Clark tó ń ṣàkóso ilé náà, pé kí wọ́n jẹ́ ká máa ṣeré orin níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 1939 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́, Hess fúnra rẹ̀ ló tẹ píánò lọ́jọ́ náà, ṣílè kan sì ni owó ìwọlé. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣe é, ì báà jẹ́ pé bọ́ǹbù ń bọ́. Nígbà tó le jù, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ń ta búrẹ́dì tí wọ́n fi oyin àti rèsíìnì sí láàárín fún àwọn tó wá gbọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1946, eré 1,698 ni wọ́n ti ṣe.

Búrẹ́dì olóyin yẹn ni kó o fi sọ́kàn. Ẹni tó wá gbọ́ ọ ní aago kan ọ̀sán, àkókò oúnjẹ rẹ̀ ló fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ọ̀gá rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní aago méjì. Ẹlòmíì ti fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ kó tó débẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sì ń wá. Irú wọn mọ orin ju bó o ṣe rò lọ. Ẹlòmíì sì wà tí òjò ló lé e wọlé. Gbogbo wọn ni àlejò rẹ, gbogbo ohun tí mo máa sọ látìsinsìnyí ò sì ju bí èèyàn ṣe ń tọ́jú àlejò tí kò ráyè pẹ́.

Nítorí náà, kó o tó gbà, béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé sí ọ, kó o sì jẹ́ kó dáhùn nínú ìwé:

- Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fún mi, àti pé aago mélòó gan-an ni mo gbọ́dọ̀ parí?
- Irú píánò wo ló wà níbẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ń tún ohùn rẹ̀ ṣe?
- Aago mélòó ni mo lè wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà láti dán an wò, ṣé ìsìn kankan ò ní wà níbẹ̀ lákòókò yẹn?
- Ta ló máa tẹ ìwé ètò, ọjọ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́?
- Ṣé wọ́n ń gba ọrẹ lẹ́nu ọ̀nà, ta ló sì ni owó náà?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn máa ń ti àwọn ọmọ wa lójú. Kò yẹ kó tì ọ́ lójú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, ilé ìjọsìn ló ń kó gbogbo ọrẹ. Ní òmíràn, wọ́n á pín in pẹ̀lú olórin. Òmíràn á fún ọ lówó ọkọ̀ nìkan. Ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní bínú lẹ́yìn.

Ka ìṣẹ́jú kó o tó mú orin

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ibẹ̀ lèmi náà sì ti kọ́kọ́ ṣubú. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú 45 ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo ka gígùn orin mi lẹ́yìn àwo tí mo ń gbọ́ nílé, ó jẹ́ 44, ọkàn mi balẹ̀. N kò ka rírìn wọlé. N kò ka àtẹ́wọ́, n kò ka ọ̀rọ̀ tí mo sọ, n kò ka èémí tí mo mí láàárín apá kan sí èkejì. Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣì ku orin kan odindi. Mo ń gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ṣe àfojúdi sí mi o, wọ́n tiẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn kan sì ń tẹrí ba sí mi bí wọ́n ṣe ń lọ. Orin tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ́ jù lọ ni mo tẹ̀ fún àga gbọọrọ tó ṣófo, alábòójútó ṣọ́ọ̀ṣì sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n bá fún ọ ní ìṣẹ́jú 45, orin rẹ kò gbọdọ̀ ju 38 lọ. Tó bá jẹ́ 50, má kọjá 43. Má sì fi gígùn tó wà lẹ́yìn àwo ṣe ìdíwọ̀n. Gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn, wọ yàrá láti ẹnu ọ̀nà, tẹrí ba, jókòó, ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tẹrí ba, jáde. Ohun tí fóònù bá sọ ni òótọ́. Ṣe é nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó o gbà.

Jẹ́ ká fi onípíánò kan ṣe àpẹẹrẹ. Sónátà Beethoven tí wọ́n ń pè ní "Moonlight" ń gba bí ìṣẹ́jú 15. Ballade àkọ́kọ́ ti Chopin ń gba bíi 9 sí 10. Ìyẹn ti di 25. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un ò ju ìṣẹ́jú 13 lọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó ti fi orin ilé wa sí, a ó dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Bó o ṣe máa to wọ́n tún ṣe pàtàkì. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, èèyàn á ṣì máa wọlé, ilẹ̀kùn á máa ró. Má fi orin tó jẹ́jẹ́ jù tàbí èyí tó gùn jù síbẹ̀. Fi orin kúkúrú tó le síwájú, kí àwọn tó pẹ́ lè rí àtẹ́wọ́ tí wọ́n máa fi jókòó. Orin tó wúwo jù ni kó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo èèyàn ti jókòó tán, tí wọ́n sì ti jẹ búrẹ́dì wọn tán. Má fi èyí tó o fẹ́ràn jù sí ìparí, nítorí àwọn tó ń sáré padà síbi iṣẹ́ ò ní gbọ́ ọ.

Fi orin wa sí i, kó o sì ṣe é bó ṣe yẹ

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan á sọ fún ọ pé kó o fi ọ̀kan sí ìparí "láti fi dárà." Má gbà. Àárín ètò ni kó o gbé e sí, níbi tí etí ti là jù.

Kì í ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní 1905, gba oyè FRCO, oyè àwọn atẹdùùrù tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943, ó sì tẹ dùùrù fún West London Mission ní Kingsway Hall. Akin Euba kọ́ṣẹ́ ní Trinity College of Music láti 1952. Ayọ̀ Bánkọ́lé dé Guildhall ní 1957. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, 1958, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì wọ Trinity kan náà. Lákòókò yẹn, Marylebone ni Trinity wà. Ní 2001 ló kó lọ sí Greenwich, níbi tó wà títí dòní lábẹ́ orúkọ Trinity Laban. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣeré ọ̀sán ní St Alfege, ṣọ́ọ̀ṣì tí Hawksmoor, ayàwòrán ilé, yàwòrán rẹ̀, níbi tí wọ́n sin Thomas Tallis, ọ̀gá olórin àtijọ́, sí. Tó bá jẹ́ Woolwich, Thamesmead tàbí Peckham lẹ̀ ń gbé, bọ́ọ̀sì lè gbé gbogbo ìdílé yín débẹ̀.

Onípíánò lè mú *Scenes from Traditional Life* tí Euba kọ ní 1970. Atẹdùùrù lè mú nínú àwọn orin tí Ṣówándé gbé ka orí orin ìsìn Yorùbá, bíi *Jesu Olugbala*. Akọrin ní àwọn orin Yorùbá tí Bánkọ́lé àti Euba kọ fún ohùn àti píánò. Tí o bá sì fẹ́ ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù á ti mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, mú Samuel Coleridge-Taylor, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá láti Sàró, tó wọ Royal College ní 1890. Nínú orin 24 tó gbé jáde fún píánò ní 1905, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ *Oloba*: orin Yorùbá ni, Victoria Randle ti Èkó ló fún un. Mo ti rí i kí obìnrin àgbà kan jókòó tààrà nígbà tí wọ́n ka orúkọ orin yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Rírí ìwé àwọn orin wọ̀nyí kì í yá. Òmíràn ti tán lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ bá òṣìṣẹ́ ibi ìkówèésí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, kó o fún un ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ orin àti ọdún, kó bá ọ wá a káàkiri. Má lọ ṣe ẹ̀dà ìwé ẹlòmíì lábẹ́lẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orin ṣì jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn àrólé rẹ̀ títí ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Coleridge-Taylor kú ní 1912, tirẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bánkọ́lé kú ní 1976, Ṣówándé ní 1987, tiwọn kò tíì bọ́. Bi ṣọ́ọ̀ṣì náà bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ PRS, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó kọ orin, kó o sì rí i pé orúkọ gbogbo orin rẹ wọ inú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ibẹ̀ ni owó ti ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ olóògbé.

Wàyí o, bó o ṣe máa kọ ọ́. Bó bá jẹ́ akọrin ni ọ́, bóyá o ń sọ Yorùbá nílé látìgbà tó o ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ píánò tẹ̀lé ọ lè jẹ́ ọmọ Kòríà tàbí ọmọ Wales. Kó tó fọwọ́ kan píánò, ka ọ̀rọ̀ orin náà sí i létí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kó kà á tẹ̀lé ọ, dò-re-mí rẹ̀ pé. Jẹ́ kó gbọ́ pé *igba*, *igbá* àti *ìgbà* kì í ṣe ohun kan náà, kó sì rí ibi tí orin gbé ohùn sókè nítorí pé ọ̀rọ̀ ló gbé e sókè. Olórin tó ní etí á mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Á yí bó ṣe ń tẹ ọwọ́ òsì padà láìjẹ́ pé o sọ fún un.

Ìlù ńkọ́? Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ yìí kọ́ máa ń fi agbára tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, orin wa á wá máa tiro. Oògùn rẹ̀ ni kóńkóló tí gbogbo wa ti ń gbọ́ lẹ́nu agogo láti kékeré. Pa ọwọ́ òsì mọ́ itan, máa gbá a: *kóń kóń kóló kóń kóló*. Ìgbà méje ni ọwọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú kíkà méjìlá: 2, 2, 1, 2, 2, 1, 2. Fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orin lórí píánò bí ọwọ́ òsì ti ń gbá. Ọjọ́ kìíní, wàá kọsẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, wàá rí i pé orin náà ń rìn lórí nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé, bí ẹni tó ń jó tí èjìká rẹ̀ ń sọ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá tíì gbọ́ ìyẹn, má tíì fi í sínú ètò.

Ìwé ètò

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orin Yorùbá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. PDF ni kó o fi ránṣẹ́. Tó o bá fi ìwé tí wọ́n lè yí padà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn á sọ gbogbo ẹ àti ọ di àpótí kéékèèké, orúkọ bàbá rẹ á sì di ohun tí o ò mọ̀ mọ́. Béèrè kí wọ́n tẹ ẹyọ kan, kí wọ́n yà á ní fọ́tò sí ọ, kí wọ́n tó tẹ ọgọ́rùn-ún. Nípa ara rẹ, ìlà mẹ́rin ti tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú: lọ wo ilé náà

Lọ gbọ́ eré ẹlòmíì níbẹ̀ ní aago kan. Jókòó síwájú, dìde lọ sí àárín, dìde lọ sẹ́yìn. Tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, tọrọ àyè, kó o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí píánò wà, kó o ka bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Ilé olókúta gíga lè dá ìró dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tó yára á pò mọ́ra bí ẹ̀kọ. Yóò pọn dandan kó o fa ìyára sẹ́yìn díẹ̀, kó o dín ẹsẹ̀ kù lórí pẹ́dàlì, kó o sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ láàárín apá méjì gùn ju bó o ṣe ń ṣe ní yàrá kékeré ilé ẹ̀kọ́. Rántí pé aṣọ òtútù àwọn èèyàn ń mu ìró: ohun tó o gbọ́ nínú ilé òfìfo láàárọ̀ á ti gbẹ díẹ̀ nígbà tí èèyàn bá kún ibẹ̀.

Òtútù ni ọ̀tá kejì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kì í móoru láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta. Ohùn fèrè àti clarinet á lọ sílẹ̀ nínú òtútù, ti píánò kò sì ní bá a lọ. Nítorí náà mí èémí gbígbóná sínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró kó o tó jáde. Èèkàn fayolín lè yọ̀. Onípíánò, mú ìbọ̀wọ́ tí kò ní orí ìka dání, àti ìgò omi gbígbóná tó o máa dì mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ẹnìkan tó ń fi omi gbígbóná fọ ọwọ́. Má ṣe é, ó máa ń rọ ìka kọjá bó ṣe yẹ, òtútù á sì padà mú un kíá.

Atẹdùùrù ní wàhálà tirẹ̀. Kò sí ọ́gáànù méjì tó bára mu, o sì gbọ́dọ̀ rí wákàtí méjì ó kéré tán láti yan ohùn tó o máa lò fún apá kọ̀ọ̀kan, kó o sì mú ẹnìkan dání tó máa jókòó nísàlẹ̀, tó máa sọ fún ọ bó ṣe ń dún. Níbi tó o jókòó sí, irọ́ ni etí rẹ ń pa fún ọ.

Ẹni tó ń tẹ̀lé ọ, àti ẹni tó ń ṣí ìwé

Fún onípíánò rẹ ní ìwé orin ní oṣù méjì ṣáájú, kó o ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa, kì í ṣe tákàdá jánganjàngan tí atẹ́gùn máa gbé. Bá a sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ kìíní. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ̀lé òun náà lọ́jọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó máa ṣí ìwé gbọ́dọ̀ mọ nótì kà. Ọwọ́ òsì onípíánò ni yóò jókòó sí, díẹ̀ sẹ́yìn. Ó kù ìlà méjì kí ojú ewé parí, á dìde, á fi ọwọ́ òsì di igun òkè ewé náà mú, kò ní jẹ́ kí apá òun bo ìwé; bí onípíánò bá mi orí, á ṣí i lẹ́ẹ̀kan, á tẹ ewé náà mọ́lẹ̀, á jókòó. Kò ní wọ ẹ̀gbà tó ń ró. Bó bá jẹ́ táblẹ́ẹ̀tì tó ní pẹ́dàlì lo ń lò, fi iná sí i títí tó máa kún, pa ìránṣẹ́ gbogbo, kó o sì mú ìwé títẹ̀ dání síbẹ̀.

Dán an wò níwájú èèyàn

Ṣe é nígbà mẹ́ta: lẹ́ẹ̀kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, lẹ́ẹ̀kan nílé níwájú àwọn òbí rẹ, lẹ́ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àwọn ọmọdé ń sáré kiri tí àwọn ìyá ń pín oúnjẹ. Ẹ̀kẹta yẹn ló máa kọ́ ọ jù, torí o ò lè bẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kó dákẹ́. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó jẹ́ aago kan ọ̀sán gan-an. Ara tó mọ́ eré alẹ́ lára máa ń rẹ̀ ní aago kan, ebi sì máa ń pa á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mọ ohun tó o máa jẹ, kó o sì jẹ ẹ́ ní aago mọ́kànlá àbọ̀, oúnjẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe iyán.

Ọjọ́ náà

Dé ní aago mẹ́wàá àbọ̀ bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè. Kọ́kọ́ wá ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà, kí i dáadáa, béèrè orúkọ rẹ̀. Òun ló mọ ibi tí iná wà, òun ló mọ ilẹ̀kùn tó ń han. Gbé àga píánò sí gíga tó bá ọ mu, tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹwàá láti gbọ́ bóyá ó ń ké, gbé ìdérí sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn bá ṣe sọ fún ọ. Má tẹ gbogbo orin tán. Ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, ìparí rẹ̀, ibi méjì tó le jù, ó tó. Fi agbára sílẹ̀. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kúrò nídìí píánò, torí àwọn àgbà tó máa ń tètè dé á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Aṣọ: ojúmọmọ ni, kò sí ẹni tó nílò gáùn tó ń wọ́lẹ̀. Àdìrẹ tàbí aṣọ òkè dára, mo sì fẹ́ràn kí n máa rí i, ṣùgbọ́n wọ̀ ọ́ tẹ píánò nílé kó o tó wọ̀ ọ́ jáde. Bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ máa ń gbá ìwé orin, agbádá kò ṣeé wọ̀ nídìí píánò rárá. Bàtà tó o fi dán an wò ni kó o wọ̀.

Ní aago kan, má sáré jáde. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ń lù, dúró kó dákẹ́. Tẹrí ba, kí o wo ojú àwọn èèyàn. Bó o bá máa sọ̀rọ̀, gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ketekete, kí ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́. Ṣáájú orin Yorùbá ni mo fẹ́ kó o sọ̀rọ̀, kì í ṣe ṣáájú Beethoven. Sọ ẹni tó kọ ọ́, ibi tó ti kọ́ṣẹ́ nílùú yìí, àti ohun tí orin náà ń sọ. Ka ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Mo ti rí i bí ilé ṣe máa ń pa lọ́lọ́ nígbà tí ohùn Yorùbá bá kọ́kọ́ dún láàárín òkúta wọ̀nyẹn.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá á fọn fèrè kọjá níta. Ọmọdé á sunkún. Ẹnìkan á pàtẹ́wọ́ láàárín apá kìíní àti èkejì: rẹ́rìn-ín sí i, kó o máa bá a lọ, inú rẹ̀ ló dùn. Bí ìka rẹ bá ṣìnà, má padà sẹ́yìn. Aago kò dúró dè ọ́.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, kí ẹ sì jókòó síwájú, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ jókòó síbẹ̀, àga méjì tó ṣófo níwájú sì máa ń mú ọkàn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ pa fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ gba fídíò, ẹ tọrọ àṣẹ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé e sójú kan láìgbé apá sókè. Ẹ jẹ́ kí ìró orin kú tán kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á bó ṣe wù yín. Bí oríkì bá ń bọ̀ lẹ́nu ìyá, kó fi í pamọ́ di ẹnu ọ̀nà, kó wá kì í níbẹ̀ dáadáa. Ẹ fi nǹkan sínú igbá ọrẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé kúlà ìrẹsì wọlé, torí ṣọ́ọ̀ṣì kan á gbà, òmíràn ò ní gbà.

Kó o tó lọ

Na ọwọ́ sí ẹni tó tẹ̀lé ọ nígbà àtẹ́wọ́, kí òun náà dìde tẹrí ba. Dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jáde, má gbé wọn dúró, iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Padà lọ sídìí píánò: bò ó, gbé àga rẹ̀ sí bó o ṣe bá a, ká wáyà rẹ. Dúpẹ́ lọ́wọ́ alábòójútó ní orúkọ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn tàbí ní ọjọ́ kejì, kọ̀wé ìdúpẹ́ sí ẹni tó pè ọ́, kó o sì béèrè ìgbà tí wọ́n ń gba orúkọ fún sáà tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, rìn láàárín àga kó o ṣa àwọn ìwé ètò tí wọ́n fi sílẹ̀. Wò wọ́n dáadáa kó o tó jù wọ́n nù. Àwọn àgbà tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin: àmì kékeré, ìbéèrè kan, nígbà míì ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Fi èyí tó bá ní ìkọ̀wé sínú fáìlì rẹ, kó o sì mú ẹyọ kan tó mọ́ dání fún ìyá rẹ.